Ẹ Bi Ìyá Ọmọ Léèrè, Kí Ẹ sì Dákẹ́

Kò sí ìyá ọlọ́mọ tó wọ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn tí kò mọ ìdáhùn tí a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá bi í pé, "Ṣé ẹ kì í fún ọmọ lómi?" yóò ní, "Rárá o, nọ́ọ̀sì, ọmú nìkan ni." Bí a bá bi í nípa àgbo, yóò ní, "Àgbo kẹ̀? Mi ò jẹ́ dán an wò." Bẹ́ẹ̀, ìgò fíídà wà nínú báàgì tó gbé sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ ọmọ wé e, àgbo pupa sì wà nínú rẹ̀ dé ìdajì. Ìyá yìí kì í ṣe òpùrọ́ èèyàn. Ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe bú ẹni tó jókòó ṣáájú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ti pinnu pé wọn ò ní fi òun ṣẹlẹ́yà lójú èrò.

Ọmọ ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ní ibi. A ó kọ "ọmú nìkan" sínú ìwé, a ó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, a ó gún un lábẹ́rẹ́, ó di ilé. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá wá bẹ̀rẹ̀, a ó máa wá ohun tó fà á kiri, nígbà tó jẹ́ pé inú ìgò fíídà ló wà. Bí ẹ bá ka ìwé àkọsílẹ̀ wa, ẹ ó rò pé gbogbo ọmọ ìlú ló ń mu ọmú nìkan. Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 sọ nǹkan mìíràn: nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni wọ́n ń fún lọ́mú nìkan.

Ọgbọ́n kan wà tó lè mú kí ìyá sọ òtítọ́ ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀, kó sì fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí yóò ṣe sí i. Motivational Interviewing ni àwọn tó dá a sílẹ̀ pè é. Ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni, ó sì ní ìlànà. Mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń bá òbí sọ̀rọ̀ nípa ìlera ọmọ kọ́ ọ, láti orí dókítà dé orí àwọn tó ń bá wa rìn láti ojúlé dé ojúlé nígbà tí a bá ń kán oògùn arọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí àwọn ọmọ lẹ́nu.

Àwọn ọlọ́mọ kọ́ ni wọ́n ṣe é fún níbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ọtí ti di bárakú fún ni. William R. Miller, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì New Mexico ní Amẹ́ríkà, ń tọ́jú àwọn ọ̀mùtí lásìkò tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú níbẹ̀ gbà pé àfi kí wọ́n sọ ọ́ sí ẹni náà lójú pé ọ̀mùtí ni, kí wọ́n sì máa bá a fà á títí yóò fi gbà. Ní 1982, Miller lọ lo ìsinmi iṣẹ́ ní Norway, nítòsí ìlú Bergen. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tó bá níbẹ̀ ní kó ṣe bí ẹni ń bá ọ̀mùtí sọ̀rọ̀ kí àwọn rí i. Kì í sọ̀rọ̀ jìnnà kí wọ́n tó dá a dúró: kí ló dé tó fi bèèrè èyí? Kí ló dé tí kò sọ tọ̀hún? Nínú ìdáhùn tó ń fún wọn ni òun fúnra rẹ̀ ti rí ìlànà tó ti ń tẹ̀ lé láìmọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1983. Lẹ́yìn náà ló pàdé Stephen Rollnick, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Wales. Àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé kan tó jáde ní 1991, tí wọ́n sì ti tún ṣe títí tó fi di ẹ̀dà kẹrin ní 2023. Láti ọ̀dọ̀ ọ̀mùtí, ọgbọ́n náà dé ọ̀dọ̀ amusìgá, ó dé ọ̀dọ̀ alátọ̀ọ̀gbẹ, ó wá dé ọ̀dọ̀ òbí.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ Miller tí mo fẹ́ kí gbogbo nọ́ọ̀sì gbọ́. Ní 1993, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí olùtọ́jú bá ṣe ń bá ọ̀mùtí fà á tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà ṣe ń mutí tó ní ọdún kan lẹ́yìn náà. Ìbáwí yẹn kò kàn já sí asán. Ọ̀dọ̀ ìgò ló ń lé èèyàn padà sí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó yé. Ẹni tó ń ṣiyèméjì ní ọ̀rọ̀ méjì nínú: ọ̀kan ní kó ṣe é, ọ̀kan ní kó má ṣe é. Bí nọ́ọ̀sì bá ti gba ti "ṣe é" sọ tán, ti "má ṣe é" nìkan ló kù fún ìyá. Á sì sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́ síta, á sọ ọ́ sínú. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni yóò máa dá a lójú sí i, torí pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹni jáde máa ń wọni lára ju èyí tí wọ́n rọ́ síni létí lọ. Iṣẹ́ wa, nígbà náà, ni kí a bèèrè lọ́nà tí ìyá yóò fi gbọ́ ti "ṣe é" lẹ́nu ara rẹ̀. Mi ò tíì rí ìyá tí kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú. Kò sí èyí tó gbé oyún oṣù mẹ́sàn-án tó fẹ́ kí ọmọ òun ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá nítorí ikọ́. Ọmọ náà ń sún mọ́ oṣù márùn-ún. Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n ti kọ déètì sí ti ọjọ́ ìbí àti ti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ṣófo. Ìbéèrè tó sábà máa ń jáde lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó bá rí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni, "Kí ló dé tí ẹ ò gbé ọmọ wá? Ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?" Èmi kí i, mo ní:

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màmá. Mo rí i pé ẹ gbé e wá fún ti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Báwo ló ṣe rí nígbà tí ẹ délé lọ́jọ́ yẹn?"

Kò dáhùn. Ó ń tún fìlà ọmọ ṣe. Mo wo káàdì, mi ò fi nǹkan kan kún un. Nígbà tó yá, ó ní, "Hùn. Nọ́ọ̀sì, ọmọ yẹn ò sùn. Ara rẹ̀ gbóná bí iná, itan rẹ̀ le gbagidi níbi tí ẹ gún. Bàbá rẹ̀ ní tí mo bá tún gbé ọmọ òun débí, kí n má padà sílé òun."

"Òru ọjọ́ yẹn le fún yín gan-an. Ẹ̀yin nìkan lẹ sì bá ọmọ jí."

"Èmi nìkan ni o. Mo ń fi aṣọ tútù nù ún, mo ń fún un lọ́mú, títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ohun tó yẹ lẹ ṣe. Ọmú yẹn gan-an ràn án lọ́wọ́."

Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Èmi ò fẹ́ kó má gbà á tán o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba gbogbo tiẹ̀ pé, ara rẹ̀ le koko. Ti ara gbígbóná yẹn ni."

"Ẹ fẹ́ kí tiẹ̀ náà pé bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ara gbígbóná yẹn ló ń bà yín lẹ́rù, pẹ̀lú ohun tí bàbá rẹ̀ sọ."

"Òun náà ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ ohun tí a mọ̀ nípa ara gbígbóná yẹn?"

"Ẹ sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣàlàyé. Mo ní ara ọmọ ń kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn jà ni, ìdí nìyẹn tó fi ń gbóná. Pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì ló máa ń lọ. Pé parasítámọ̀ wà tí a lè wọ̀n fún un bí kílò rẹ̀ bá ṣe rí. Pé bó bá kọjá ọjọ́ méjì, tàbí tí ọmọ kọ ọmú, tàbí tí gìrì bá mú un, kí wọ́n gbé e wá lójú ẹsẹ̀. Mo ní a kì í bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọjọ́ ti kọjá. Ibi tó dúró sí ni a ó ti máa bá a lọ. Mo ní ikọ́ tó ń wú yìí, tí ara rẹ̀ ò gbóná, kò ní kó má gbà á. Kò ju ìyẹn lọ. Mo wá bi í pé, "Báwo lẹ ṣe rí i sí?"

Ó rò ó, ó ní, "Ẹ bá mi kọ ti oògùn yẹn sínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn sí i. Tí bàbá rẹ̀ bá rí i pé ẹ kọ ọ́, kò ní sọ̀rọ̀."

Kò sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kankan tó lè sọ fún mi pé ìwé kékeré kan ni yóò tu bàbá ọmọ yẹn lójú. Ìyá ọmọ ló mọ ọkọ rẹ̀. Ó ti ní oògùn ìṣòro rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó wọlé. Ẹni tí yóò bi í ni kò tíì rí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn kò ṣe é fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" dáhùn. "Ṣé ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ṣe pàtàkì?" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Àmọ́ "Báwo ló ṣe rí nígbà tí ẹ délé?" ń mú ìtàn jáde, inú ìtàn sì ni ìṣòro máa ń fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn ìbéèrè náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Èyí ló nira jù lọ fún àwa nọ́ọ̀sì, torí tí ìyá bá ti dákẹ́, a máa ń rò pé kò gbọ́ ni, a ó tún ìbéèrè náà bi í kíkankíkan, tàbí kí a bá a dáhùn. Ìyá tó dákẹ́ ń wo ojú wa bóyá ó ṣe é sọ ọ̀rọ̀ fún.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni pé mo dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un. Ó sọ ti ara gbígbóná àti itan tó le, mo dá ti òru tó le padà fún un, torí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo kìlọ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ọgbọ́n yìí láàárín wa pé kí wọ́n ṣọ́ra níbí. Bí a bá tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, létí Yorùbá, a ń sín in jẹ ni. Ìjà ló ń fà. Ọ̀rọ̀ tiwa ni kí a fi gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀, kí ohùn sì lọ sílẹ̀ níparí. Bí a bá fi "àbí?" sí i lẹ́yìn, ó ti di ìfọ̀rọ̀wáni-lẹ́nu-wò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ pé a ṣì í gbọ́, ìyá yóò tún un ṣe fún wa, ìyẹn náà sì dára.

Mo tún yìn ín. Ìyìn tí kò ní ìdí, irú "ẹ kú iṣẹ́" tí a ń sọ fún gbogbo èèyàn, kọ́ ni mo ń wí. Ohun tó ṣe gan-an ni mo dárúkọ: ó fún ọmọ lọ́mú ní gbogbo òru. Ìyá tó ti múra sílẹ̀ de èébú, tó wá gbọ́ pé ohun tí òun ṣe dára, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kì bá tí sọ. Ẹ tún wo bí mo ṣe tọrọ ààyè kí n tó ṣàlàyé. Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé ìtẹ̀ríba àṣejù nìyẹn, pé ta ni yóò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọmọdébìnrin tó wá gba ìtọ́jú? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé bí àgbà tàbí ọ̀mọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀, kí á dọ̀bálẹ̀, kí á kúnlẹ̀, kí á ní "ẹ ṣé mà." "Ẹ ṣé mà" ń dá ọ̀rọ̀ dúró, kò sọ pé wọ́n gbà. Ìyá tí a tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "ẹ sọ ọ́," ń tẹ́tí.

Kì í ṣe ẹnu dídùn lásán ni mo ń polówó. Wọ́n ti dán an wò. Ní ìlú Surrey, ní ẹkùn British Columbia ní Kánádà, àwọn ìyá tó ti Íńdíà ṣí wá, tí èdè Punjabi jẹ́ tiwọn, ní ìṣòro eyín ọmọ tó ń jẹrà. Philip Weinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín 240 ọmọ ọwọ́ sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún àwọn ìyá apá kan ní ìwé pẹlẹbẹ àti fídíò. Wọ́n bá ti apá kejì jókòó sọ̀rọ̀ ní ìlànà yìí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, wọ́n sì ń pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn náà. Wọn ò sọ fún ìyá kankan pé "ṣe báyìí." Wọ́n to ọ̀nà oríṣiríṣi síwájú rẹ̀, kó mú èyí tó lè ṣe: bóyá kó dẹ́kun fífi ìgò sí ọmọ lẹ́nu sùn, bóyá kó máa fọ eyín rẹ̀. Nígbà tí ọdún kan pé, tí a bá pín ihò tuntun inú eyín kárí, 1.91 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan ní apá àwọn tó gba ìwé àti fídíò, 0.71 ni ti àwọn tí wọ́n bá ìyá wọn sọ̀rọ̀. Ìwé pẹlẹbẹ tó jọ tiwọn wà lára ògiri wa n'Íbàdàn. Mo máa ń wò ó, mo sì máa ń rántí Surrey.

Ní Quebec, ní Kánádà bákan náà, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ Arnaud Gagneur, ní Sherbrooke, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí yàrá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹni tó ti kọ́ ọgbọ́n náà á jókòó ti ìyá fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ìyá tó padà sílé, wọn á sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò ní fi ipá mú un, kò ní bá a jiyàn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé oṣù méje, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ wọn pé láàárín wọn fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ju àwọn tí a kò bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lọ. Ìdá 7 lè dà bí ohun kékeré létí. Ẹ fi wé iye ọmọ tí wọ́n ń bí ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́dún, ẹ ó rí i pé ọmọ púpọ̀ ni.

Ìyá nìkan kọ́ ni òbí. Ní May 2024, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ HPV dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun ti ṣáájú wa ní October 2023. Àwọn ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń gún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn bàbá ló ń wá bá wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń gbé wá ni pé a fẹ́ ba ilé ọmọ àwọn ọmọ wọn jẹ́ kí wọ́n má lè bímọ. Bàbá kan, mẹkáníìkì, fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ má purọ́ fún mi. Mo mọ ohun tí òyìnbó ṣe ní Kano."

Bàbá yìí ò purọ́. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan, Trovan, wò lára nǹkan bí 100 nínú 200 ọmọ tí wọ́n kó jọ. Àwọn kan kú, ẹjọ́ pọ̀, ó sì parí sí owó gbà-má-bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè ọya kọ oògùn arọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní 2003. Nọ́ọ̀sì tó bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, tó pè é ní aláìmọ̀wé, ti fi hàn án pé òun ò mọ ìtàn. Mo ní, "Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọmọ ọlọ́mọ dán oògùn wò. Ẹ ò fẹ́ kí ti yín bọ́ sínú irú ẹ̀." Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbà."

Mo wá lo ìbéèrè kan tí àwọn tó mọ ọgbọ́n yìí fẹ́ràn. Mo ní, "Bàbá, ká ní òdo ni 'mi ò fẹ́ ẹ rárá,' tí mẹ́wàá sì jẹ́ 'ẹ gún un báyìí,' orí nọ́ńbà wo lẹ wà?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní méjì. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí yóò bi í pé kí ló dé tí kò fi ju méjì lọ. Bó bá bi í bẹ́ẹ̀, gbogbo àwáwí inú rẹ̀ ni yóò tú jáde. Mo ní, "Kí ló dé tí kò fi jẹ́ òdo?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Àrùn yẹn ló pa àbúrò ìyá mi. Àwa la tọ́jú rẹ̀. A ò lè jókòó pẹ́ nínú yàrá rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ. Mi ò fẹ́ ẹ fún ọmọ mi."

Kò sí àlàyé tí mo lè ṣe tó tó èyí tó ṣe fún ara rẹ̀ yẹn. Kò gbà lọ́jọ́ náà o. Ó bèèrè bóyá àwọn nọ́ọ̀sì mú ọmọ tiwọn wá, ó ní òun máa bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó sì bèèrè ọjọ́ tí a óò tún wà níbẹ̀. Ìpinnu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó wà. Bí a bá ń fi ìbéèrè dẹ pàkúté fún òbí, tí a ti pinnu fún un tẹ́lẹ̀, yóò mọ̀. Èèyàn kì í pẹ́ mọ ẹni tó ń tan òun.

Ìgbà kan wà tí kò sí àyè fún gbogbo èyí. Bí gìrì bá mú ọmọ, tí ojú rẹ̀ yí sókè, a kì í bi ìyá pé báwo ló ṣe rí i sí. Àṣẹ ni a ń pa: ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní ohunkóhun mu, ẹ gbé e wá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbí ni àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti àwọn nǹkan mìíràn ṣe. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ọdún pípẹ́. Ó máa ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù, ó sì máa ń mú èémí rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ti pa ọmọ tí gìrì nìkan kì bá tí pa. Ẹni tó bá rí i tí wọ́n ń rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu, kó pariwo.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ara ọmọ bá ti balẹ̀, ìyá àgbà tó po àgbo náà ṣì wà nílé, òun ló sì máa po òmíràn. Òun ni kí a bá jókòó. "Màmá, ẹ ti tọ́ ọmọ, ẹ ti tọ́ ọmọ-ọmọ. Nígbà tí gìrì mú un, kí lẹ rò pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀?" Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé, "Mo rò pé ó ti kú ni. Èmi ò lè jókòó kí n máa wò ó." Ẹni tí kò lè jókòó máa wo ọmọ nílò ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe. A jọ sọ ọ́: kó fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kó tú aṣọ ọrùn rẹ̀, kó ránṣẹ́ pe ọlọ́kadà. Ó tún un sọ fún mi, ó sì ní òun ni yóò kọ́ àwọn ìyàwó ilé tó kù.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé, lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, tí bẹ́ǹṣì kún, tí ọmọ ń ké lọ́tùn-ún lósì, ta ló ráyè? Òótọ́ ni, èrò máa ń pọ̀, àwa ò sì tó. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá tó gbé ọmọ oníkọ́ wá kò gùn ju bí a ṣe máa ń bá ìyá wí, kó ṣàlàyé, kí a tún bá a wí lọ. Ìbéèrè kan péré lè gba ipò ìbáwí. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ni kí ẹnìkan gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan, kó gba sátífíkéètì, kó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Miller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ ìyẹn náà wò: àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa gbọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, kó máa tọ́ ọ sọ́nà léraléra. Mo bẹ àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wa ní ìjọba ìbílẹ̀ àti ní ìpínlẹ̀: ẹ dín àsọyé kù, kí ẹ jẹ́ kí a máa ṣe é níwájú ara wa, kí ẹ sì wá wò wá lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má dúró dè wá. Bí ẹ bá fún ọmọ lágbo, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti iye tí ẹ fún un; ó lè jẹ́ òun ni yóò jẹ́ kí dókítà mọ oògùn tí kò gbọdọ̀ fún un. Bí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bá dẹ́rù bà yín, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún èkejì. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀ sí yín bí kò ṣe yẹ, ẹ bèèrè fún ọ̀gá ilé ìwòsàn, ẹ má tìtorí ẹnu ẹnìkan mú ọmọ jókòó sílé. Ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún: ẹ yẹ káàdì yín wò lálẹ́ òní. Bí ọjọ́ kan bá ti kọjá, ẹ ṣì lè gbé ọmọ wá. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn ìjọba.